Ọ̀dọ̀ Ta Lo Ń Lọ? Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Lẹ́nu Ibodè Ìlú Ọba

Ọkọ̀ òfurufú tó bá gbéra ní Ìkẹjà lóru máa ń balẹ̀ sí London ní ìdájí. Nínú oṣù September, bí èrò bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń lọ sí fásitì, tí wọn ò kúrò ní Nàìjíríà rí. Wọ́n á rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan títí wọ́n á fi dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Britain, ti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú EU, ti Amẹ́ríkà, ti Kánádà, ti Ọsirélíà, ti Japan tàbí ti àwọn díẹ̀ mìíràn á yà síbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣílẹ̀kùn: á gbé páspọ́ọ̀tù lé e, á gbójú sókè sí kámẹ́rà, ó ti kọjá nìyẹn. Páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò sí nínú ètò yẹn. Ọmọ tiwa á tò sórí ìlà kejì, á máa sún díẹ̀díẹ̀, títí á fi dúró níwájú òṣìṣẹ́ Border Force kan tó fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìbéèrè wọn kì í le. Fásitì wo lo ń lọ? Kí lo fẹ́ kọ́ níbẹ̀? Ọdún mélòó ni? Ta ló ń sanwó? Níbo lo máa gbé? Ẹni tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló wá ilé-ìwé náà, tó ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, tó mọ ẹni tó sanwó àti iye tó kù, á dáhùn wọn láìmí kanlẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rù ibodè yìí ń ba àwọn ọmọ wa àti àwọn òbí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti bá ọ̀pọ̀ wọn sọ̀rọ̀, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń já sí: ìwé tí ọmọ náà gbé dání, kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ajẹ́ntì ló yan fásitì, ẹ̀gbọ́n ló kọ lẹ́tà, dádì ló bá báńkì sọ̀rọ̀, mọ́mì ló to fáìlì. Ọmọ kàn wọ ọkọ̀ ni. Nígbà tó wá dé iwájú òṣìṣẹ́, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó lè bá a dúró.

Oníbodè kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Odi ló yí àwọn ìlú ńlá wa ká láyé àtijọ́, ibodè wà lára odi, oníbodè sì wà níbẹ̀ tó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, tó sì ń wádìí àlejò wò. Ohun tó fẹ́ mọ̀ lẹ́nu àlejò ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ. Bí baálé kan bá wà tó gbà pé òun mọ̀ ọ́n, pé òun lòun máa gbà á sílé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bí Britain ṣe ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lónìí kò jìnnà sí èyí. Fásitì ni baálé. Home Office, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọlé, ló fún un níwèé àṣẹ láti gbàlejò, fásitì náà ló sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní CAS, ìyẹn nọ́ńbà kan tó so mọ́ àkọsílẹ̀ tó ní orúkọ ẹ̀kọ́, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, owó ilé-ìwé àti iye tí wọ́n ti san nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ Home Office, Home Office kan náà ló sì ni Border Force. Gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ibodè ń wá kò ju pé kó mọ̀ bóyá àlejò tó dúró síwájú òun yìí ni baálé ń retí.

Ìgbà kan wà tí físà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, gba London lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní 1922. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ fún ẹ̀kọ́ òfin kan náà ní 1944. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ nígbà yẹn, Liverpool sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó bá ti Èkó lọ ń gúnlẹ̀ sí. Ìyà tó ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú láyé ìgbà náà wà nígboro: onílé á rí àwọ̀ rẹ̀, á ní yàrá ti tán. Ìdí nìyẹn tí WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925, fi ṣí ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbé ní London ní 1933. Òfin tí Britain ṣe ní 1962 lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Commonwealth ló wá sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó wọlé. Ní 1986, ìjọba Margaret Thatcher kéde pé ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ọmọ Gánà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh, gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra nílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1987, wọ́n ṣòfin pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé wá máa san owó ìtanràn.

Òfin tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ló gbé ibodè kúrò ní London wá sí Ìkẹjà. Lónìí, £2,000 ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lè san lórí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n gbé wọ Britain láìní ìwé tó yẹ. Ìdí rèé tí òṣìṣẹ́ tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ Murtala Muhammed fi ń tú páspọ́ọ̀tù wò síwá sẹ́yìn, tó ń pe ọ̀gá rẹ̀, tó ń tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, tó sì tún ń bi ọmọ yín ní ìbéèrè tó jọ ti London. Ẹ má bá a jà. Bí kò bá rí àṣẹ ìwọlé ọmọ náà, kò ní jẹ́ kó wọ ọkọ̀, ẹ̀bẹ̀ kò sì lè yí i padà.

Ibí yìí gan-an ni wàhálà tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Títí di October 2024, káàdì pélébé kan tí wọ́n ń pè ní BRP ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà tó bá dé Britain, sítíkà á sì wà nínú páspọ́ọ̀tù rẹ̀ tó fi máa wọlé. Káàdì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti July 15, 2025 sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó tọrọ físà akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí sítíkà gbà mọ́. eVisa ló kù. Bàbá àgbà tó bá ṣí páspọ́ọ̀tù ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò rí ohunkóhun nínú rẹ̀ lè rò pé wọ́n ti lu ọmọ náà ní jìbìtì, mi ò sì ní bá a wí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà náà wà, nínú àkàǹtì kan tí wọ́n ń pè ní UKVI, nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù ló sì so ó mọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ wo ibi tó ti ń bàjẹ́. Ọmọ gba físà pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù kan. Páspọ́ọ̀tù náà sọnù, tàbí ọjọ́ rẹ̀ pé, wọ́n gba òmíràn, kò sí ẹni tó rántí láti wọ inú àkàǹtì yẹn lọ fi nọ́ńbà tuntun síbẹ̀. Ó dé Ìkẹjà, wọ́n tẹ nọ́ńbà tuntun sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Èyí tó tún burú jù ni ti ajẹ́ntì. Ajẹ́ntì ló ṣí àkàǹtì, íméèlì tirẹ̀ ló fi ṣí i, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Kí èèyàn tó lè wọ àkàǹtì yẹn, wọ́n á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà àyẹ̀wò kan ránṣẹ́ sí fóònù tàbí íméèlì tó wà nínú ìwé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ọmọ yín fi físà rẹ̀ hàn lálẹ́ ọjọ́ ìrìn-àjò, orí fóònù ẹnì kan tó ti sùn sílé ní Ìbàdàn ni nọ́ńbà náà máa bọ́ sí. Mo kà á sí ìwà tí kò dára rárá kí ajẹ́ntì fi kọ́kọ́rọ́ físà ọmọ ọlọ́mọ sápò ara rẹ̀, yálà ó ṣe é láti fi gbowó sí i ni tàbí ó ṣe é nítorí pé ó yá kánkán.

Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wọ àkàǹtì yẹn láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó wọ̀ ọ́ nílé, kó ka orúkọ rẹ̀ létà kan tẹ̀lé òmíràn, kó wo ọjọ́ ìbí, kó wo ọjọ́ tí físà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Àṣìṣe máa ń wà níbẹ̀, ó sì sàn kéèyàn pe àkíyèsí wọn sí i láti ilé. Kó wo ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹni tó bá dé ṣáájú rẹ̀ kò tíì ní àṣẹ ìwọlé. Fún ẹ̀kọ́ tó ju oṣù mẹ́fà lọ, oṣù kan péré ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ dé. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá gba orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá, kó wádìí bóyá ibẹ̀ náà máa bèèrè físà tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀.

Ní ti ìwé, àpò ọwọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé ẹrù ńlá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní Ìkẹjà, ẹ̀yìn ibodè lẹ ti máa tún un rí, nígbà tí ìbéèrè ti tán. Lẹ́tà tí fásitì fi gbà á, ẹ̀dà CAS, risíìtì owó ilé-ìwé, ìwé àkàǹtì báńkì, àdírẹ́sì ibi tó máa gbé, nọ́ńbà fóònù fásitì, kí gbogbo rẹ̀ wà lórí bébà, kí ó má wà lórí fóònù tí bátìrì rẹ̀ máa kú lójú ọ̀nà. Kó mú ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ife dání, èyí tí Britain ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà láti gbé ju oṣù mẹ́fà lọ. Ilé ìwòsàn àjọ IOM ní Ìkẹjà àti Àbújá ni wọ́n ti ń ṣe é, oṣù mẹ́fà ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ gíga nínú àwọn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ kan tún ní láti gba ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní ATAS. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà òbí.

Ó wá kan iwájú tábìlì. Ohun kan wà tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn nípa agbára òṣìṣẹ́ yìí. Láti ọdún 2000 ni òfin Britain ti sọ pé físà tí wọ́n fúnni nílé ti di àṣẹ ìwọlé fúnra rẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró síbẹ̀ kò wá tọrọ àṣẹ tuntun. Àṣẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fagi lé e bó bá rí i pé irọ́ ni wọ́n fi gbà á, tàbí pé nǹkan ti yí padà látìgbà tí wọ́n ti fúnni: bí àpẹẹrẹ, pé fásitì ti jáwọ́ lọ́rọ̀ ọmọ náà, tàbí pé ohun tó ń bá bọ̀ kì í ṣe ìwé kíkà mọ́. Bí ọmọ bá mọ èyí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kò ní máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, kò sì ní máa sọ ohun tí wọn ò bi í.

Ibi tí àwọn ọmọ wa ti máa ń kọsẹ̀ ni ibi tí ẹnu wọn kò ti bá ìwé wọn mu. CAS sọ pé ìmọ̀ ètò ìlera ìlú ló fẹ́ kọ́, ọmọ ní òun fẹ́ kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì, torí bísínẹ́ẹ̀sì ló kọ́kọ́ wù ú kí ajẹ́ntì tó yí i padà. Wọ́n bi í pé ìlú wo ni fásitì rẹ̀ wà, ó ní London, ìlú náà sì jìnnà sí London ní ìrìn wákàtí mẹ́rin. Wọ́n bi í pé ta ló sanwó, ó ní dádì òun, àmọ́ kò mọ iṣẹ́ tí dádì ń ṣe bó ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Àìmọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ojú tí òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí fi ń wo àìmọ̀ jọ ojú tó fi ń wo irọ́, mi ò sì rí bí a ṣe fẹ́ dá a lẹ́bi tán.

Ti owó ló tún wúwo jù. Òfin ní kí owó tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi gbọ́ bùkátà ti wà nínú àkàǹtì tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan ti sọ èyí di òwò: wọ́n á gbé owó sínú àkàǹtì ẹni fún oṣù kan, wọ́n á gba èlé orí rẹ̀, wọ́n á kó owó wọn lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń bá ọmọ dé ẹnu ibodè. Wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe máa san ìyókù owó ilé-ìwé, kò ní rí nǹkan sọ, torí owó tó wà nínú ìwé kò sí láyé mọ́. Bí wọ́n bá sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀tàn wà nínú ohun tó fi gba físà, ọdún 10 ni wọ́n lè fi dènà mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 23 á di ẹni 33 kó tó lè tún gbìyànjú. Òbí tó ń ronú láti ṣe é, kó ronú síbẹ̀ yẹn dáadáa.

Àwọn kan tún ń purọ́ níbi tí òótọ́ kò ti lè pa wọ́n lára. Wọ́n bi ọmọ pé ṣé ó máa ṣiṣẹ́, ó ní rárá o, òun ò ní ṣiṣẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ òfin fúnra rẹ̀ ló fún ẹni tó ń kàwé fún oyè ní fásitì láyè wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Kó sọ bẹ́ẹ̀. Kó ní òun mọ̀ pé wákàtí 20 ni, pé òun kò sì lè dá òwò tòun sílẹ̀ lórí físà yìí. Ìdáhùn tó fi hàn pé ọmọ mọ òfin dára ju ìdáhùn tó dùn-ún gbọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú náà wà níbẹ̀. A kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má máa wo àgbàlagbà lójú kòrókòró bó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ ilé gidi sì ni. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ nígbà tó ń dáhùn ìbéèrè jọ ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́. Kí òbí ṣàlàyé èyí fún ọmọ kó tó lọ, kó mọ̀ pé wíwo òṣìṣẹ́ lójú kò sọ ọ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn máa ń yára, kó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ. Kó má dáhùn ìbéèrè tí kò gbọ́.

Nígbà mìíràn, wọ́n lè ní kí ọmọ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á fún un níwèé kan tó sọ pé wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i, wọ́n á mú páspọ́ọ̀tù rẹ̀, á lọ jókòó síbì kan pẹ̀lú àwọn tó kù. Ó lè gba wákàtí bíi mélòó kan. Wọ́n lè tú ẹrù rẹ̀, kí wọ́n pe fásitì, kí wọ́n tún bi í ní ìbéèrè nínú yàrá kan, kí wọ́n sì máa kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń dá padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ni pé ó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pe fásitì òun. Ó lè bèèrè lọ́yà. Bí wọ́n bá fagi lé físà rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé fún un, kí wọ́n sì sọ fún un bóyá ó lè bèèrè pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Kó ka ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó fọwọ́ sí, kó tó fọwọ́ sí i. Ìdààmú àti àìsùn lè mú kí èèyàn gbà pé òun sọ ohun tí kò sọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn fásitì náà níbí. Owó tí ọmọ Nàìjíríà ń san fún wọn pọ̀ gan-an ju èyí tí ọmọ Britain ń san lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó san owó físà, ó tún san £776 lórí ọdún kọ̀ọ̀kan fún ètò ìlera kó tó gbéra. Fásitì tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní fóònù tí ẹnì kan máa gbé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday nínú oṣù September, nígbà tí òṣìṣẹ́ ibodè bá fẹ́ béèrè bóyá wọ́n mọ ọmọ yìí. Àwọn kan ń ṣe é, wọ́n tilẹ̀ ń rán èèyàn lọ pàdé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Heathrow. Ó yẹ kó jẹ́ dandan fún gbogbo wọn. Mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó tọ́ kí páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan tó láti sọ ọmọ tó ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò nílé di ẹni tí wọ́n tún máa bi léèrè lókè òkun, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí kíláàsì kan náà ti gba ẹnu ẹ̀rọ kọjá.

Lẹ́yìn tábìlì ni ẹrù, lẹ́yìn ẹrù ni àwọn aṣọ́bodè. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Ẹran àti wàrà kò gbọ́dọ̀ wọ Britain láti Nàìjíríà: kílíṣí, pọ̀nmọ́, adìẹ díndín, wàràkàṣì àti ẹran ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Mo mọ̀ pé ìyá tó dín ẹran fún ọmọ rẹ̀ ṣe é tìfẹ́tìfẹ́ ni, àmọ́ kó jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán nílé. Gàrí àti èlùbọ́ kò sí lára ohun tí òfin ẹran àti wàrà yẹn kàn. Ẹni tó bá mú £10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dání gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, kódà àwọn aṣọ́bodè tiwa náà ní kí ẹni tó bá mú ju $10,000 lọ jáde nílùú sọ ọ́. Oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ, kó mú ìwé dókítà pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ oògùn ìrora tó le bíi tramadol.

Àwọn kan rò pé nígbà tí wọ́n bá ti jáde sí gbangba pápákọ̀, ìbéèrè ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ dé fásitì kó sì forúkọ sílẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí kò bá yọjú, òfin ló ní kí fásitì sọ fún Home Office. Bí baálé bá sì jáwọ́, àlejò kò ní ibi tó máa dúró sí mọ́. Ní August 2012, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ London Metropolitan University, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 2,000 láti òkè òkun ló sì bá ara wọn níbi tí wọ́n ti ń wá ilé-ìwé mìíràn tàbí kí wọ́n padà sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní May 2024, BBC ròyìn pé Teesside University yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan nítorí pé owó ilé-ìwé wọn kò wọlé lásìkò, lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀. Wọ́n sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kúrò ní Britain. Ẹni tó bá wá sílé fún ìsinmi tó sì ń padà lọ, kó mọ̀ pé ibodè náà ló tún fẹ́ gbà kọjá. Kó mú lẹ́tà tuntun láti fásitì dání tó fi hàn pé ó ṣì wà níléèwé.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó tó fásitì lọ tó láti kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ jókòó tì í bó bá ń kọ ọ́, ẹ tọ́ ọ sọ́nà, ẹ sanwó tó bá yẹ kẹ́ ẹ san, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ ló wà lórí ìwé, kí ojú rẹ̀ ló ka CAS. Bó bá di alẹ́ mélòó kan ṣáájú ìrìn-àjò, kí ẹnì kan nínú ilé gbé páspọ́ọ̀tù rẹ̀ dání, kó bi í ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó sì jẹ́ kó dáhùn láìwo ìwé. Ẹ̀yin ajẹ́ntì tó ń ṣiṣẹ́ yìí tọkàntọkàn, ẹ kó ọ̀rọ̀ aṣínà àti íméèlì fún ẹni tó ni ín lọ́jọ́ tí físà bá jáde. Bí íméèlì tàbí nọ́ńbà ẹlòmíràn bá ṣì wà nínú àkàǹtì UKVI ọmọ yín, ẹ yọ ọ́ lónìí, kẹ́ ẹ fi ti ọmọ náà síbẹ̀.